Kílọ́ọ̀ṣì máṣìnnì àtijọ́ tó le: ìta ni kó o ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Honda CG125 tí bàbá mi fi ń lọ oko lọ́nà Ìfẹ̀wàrà ló wà lọ́wọ́ mi báyìí. Ó ti tó ọdún méjì tó ti wà nínú yàrá kí n tó gbé e jáde. Ẹ́ńjìnnì ń dún dáadáa, ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì le débi pé ọwọ́ òsì á ti máa ro mí kí n tó ti Ẹ̀rẹ́jà dé ilé. Tí mo bá sì dúró, mi ò kì í rí fíríì, ibi tí máṣìnnì kì í ti sí ní jíà kankan. Mẹkáníìkì kan ní kí n ra odindi sẹ́ẹ̀tì pílétì kílọ́ọ̀ṣì. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n bu gírísì sí i. Ibo gan-an ni wọ́n ń ta òróró sí lára kílọ́ọ̀ṣì, irú òróró wo sì ni? (Òǹkàwé kan, Iléṣà)

Ìdáhùn: Àbúrò, jẹ́ kí owó pílétì yẹn wà lápò ná. Pílétì tó jẹ kì í mú kílọ́ọ̀ṣì le. Yíyọ̀ ló máa ń yọ̀: wàá wà ní jíà kẹta lórí òkè, wàá fún un níná, ẹ́ńjìnnì á máa ké, eré máṣìnnì ò sì ní lé sí i. Ìwọ ò sọ pé ó ń yọ̀. O ní ó le, o tún ní o kì í rí fíríì. Ẹjọ́ méjì nìyẹn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì yẹ ká gbọ́ ọ. Mi ò ní mẹkáníìkì yẹn purọ́ fún ẹ o. Ó kàn jẹ́ pé owó iṣẹ́ wà nínú kí wọ́n tú ẹ́ńjìnnì, kò sì fi bẹ́ẹ̀ sí nínú wáyà tí wọ́n ta òróró sí.

Kílọ́ọ̀ṣì máṣìnnì yìí, ohun tó ń so agbára ẹ́ńjìnnì mọ́ jíà, tó sì ń já a nígbà tó o bá fa lífà, apá kan rẹ̀ wà níta, apá kejì wà nínú ẹ́ńjìnnì. Tìta ni lífà tó o ń fi ọwọ́ òsì fà, wáyà tó gba abẹ́ táǹkì kọjá, àti apá irin kékeré tí wáyà náà ń fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀tún ẹ́ńjìnnì. Àwọn wọ̀nyí ló ń retí òróró láti ọwọ́ ẹ, torí kò sí ibòmíì tí wọ́n ti lè rí i. Tinú ni pílétì: àwọn kan ní nǹkan dúdú lára tó ń gbá irin mú, àwọn kejì jẹ́ irin pẹlẹbẹ lásán, wọ́n tò wọ́n ní ọ̀kan bọ ọ̀kan, sípíríǹgì sì fún gbogbo wọn pọ̀. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń gbé. Ọ́ìlì kan náà tó ń fọ písítìnnì, tó ń fọ jíà, òun náà ló ń fọ àwọn pílétì yìí. Nítorí náà, tó bá jẹ́ pé inú lọ̀rẹ́ ẹ ní lọ́kàn nígbà tó ní kó o bu gírísì sí i, má gbọ́. Gírísì tó bá dé ara pílétì, yíyọ̀ ló ń pè. Bí wọ́n bá ní kó o da àwọn òróró inú ike kékeré tó ń mú ẹ́ńjìnnì "fúyẹ́" sí i, bákan náà ni. Ohun tó ń mú kí irin yọ̀ lára irin á mú kí pílétì náà yọ̀.

Ìta là ń lọ ná. Ṣe é nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, kó o gbé máṣìnnì sórí ìdúró àárín. Yí nọ́ọ̀tì róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lífà wọlé títí, kí ojú gígùn tí wọ́n gé sí i bá ojú gígùn ara lífà mu. Tú nọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì náà. Wáyà á dẹ̀, wàá sì lè yọ kókó orí rẹ̀ kúrò nínú lífà, kó o tún yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò lára apá irin. Nǹkan mẹ́ta ló wá wà níwájú ẹ báyìí, kò sì sí èyí tó lè fi ara pamọ́ sẹ́yìn èkejì.

Fa lífà nìkan. Ó yẹ kó máa rìn lọ, kó máa rìn bọ̀, láìsí ohun tó ń dì í mú. Bó bá ń ké, tàbí tó dúró sójú kan, bóòtù tó dè é mọ́ àńdù ló ti gbẹ tàbí tó ti dípẹtà. Tú u, fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, nù ún, fi gírísì díẹ̀ pa á, dá a padà. Ibí yìí ni gírísì ọ̀rẹ́ ẹ wúlò.

Lẹ́yìn náà, di apá irin tó wà lára ẹ́ńjìnnì mú, kó o tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún. Á kọ́kọ́ rìn fúyẹ́ díẹ̀, kó tó kan ibi tó ti le gan-an. Ibi tó ti le yẹn, sípíríǹgì kílọ́ọ̀ṣì nìyẹn, kò yẹ kí ọwọ́ lásán tì í kọjá. Ohun tó ò gbọdọ̀ rí ni kí ibi tó yẹ kó fúyẹ́ máa ha. Omi òjò àti eruku pupa ọ̀nà oko máa ń wọ ẹnu ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti wọnú ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà á sì mú un níbẹ̀. Nù ún mọ́, kán òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí i, máa yí i títí ìpẹtà á fi jáde pẹ̀lú òróró, tún un nù, kó o wá kán òmíràn sí i.

Wáyà wá kù, òun gan-an ni mo fura sí jù. Gbé e sílẹ̀ gbọọrọ, fi ọwọ́ kan di ara rẹ̀ mú, fi èkejì fa okùn irin inú rẹ̀ lọ bọ̀. Okùn tó dára ò ní jẹ́ kó o mọ̀ pé ó ń kan ohunkóhun. Bí ó bá ń ha, tó ń dúró níbì kan, ohun tó ń pa ọwọ́ ẹ nìyẹn. Kó o tó ta òróró sí i, tan tọ́ọ̀ṣì sí kókó orí rẹ̀. Wo ibi tí okùn ti wọ inú kókó náà, ibi tí kò ju ìka kan lọ. Ibẹ̀ ni wáyà kílọ́ọ̀ṣì ti máa ń kú. Bí fọ́nrán irin kan ṣoṣo bá ti já, tó yọ sóde bí irun, wáyà náà ti fẹ́ lọ, òróró kankan ò lè jí i. Ra tuntun. Ìdí tó fi ń já níbẹ̀ ni pé kókó yìí ní láti máa yí nínú ihò rẹ̀ nígbàkígbà tó o bá fa lífà. Tí ihò náà bá gbẹ, kókó ò ní yí, okùn ló máa ń tẹ̀ dípò rẹ̀, ojú kan náà ló sì ń tẹ̀ lójoojúmọ́. Gírísì ṣíún lára kókó, lókè àti nísàlẹ̀, lè mú kí wáyà pẹ́ ju bó o ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ọlọ́kadà tó ń ra wáyà ní gbogbo ìgbà, ohun tí wọn ò ṣe nìyẹn.

Bí okùn bá ṣì pé, àkókò òróró ti tó. Gbé wáyà kọ́ sókè kó nà tààrà, orí rẹ̀ lókè. Gé náílọ̀nù kékeré, so ẹnu rẹ̀ mọ́ ìta wáyà pẹ̀lú rọ́bà tíúbù tó o gé, kó fún un dáadáa, kó dà bí àrọ. Bu òróró sínú rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kó o máa fa okùn inú lọ bọ̀. Síríǹjì tí wọ́n ń tà nílé oògùn náà dára, kó o yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ kúrò. Bí o bá ní sùúrù, fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ohun tó máa kọ́kọ́ jáde nísàlẹ̀ á dúdú, á ní ìpẹtà àti iyẹ̀pẹ̀ nínú. Má dúró níbẹ̀. Máa dà á títí èyí tó ń kán sílẹ̀ á fi mọ́ bí èyí tó o dà sí i.

Irú òróró wo? Èyí tó fúyẹ́. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ dára, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tuntun tí kò ki jù náà dára. Má fi gírísì sínú wáyà, á di ẹrẹ̀ pẹ̀lú eruku. Ọ́ìlì tí wọ́n ti lò rí, tí wọ́n fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì, ìdọ̀tí irin wà nínú rẹ̀; òun àti yanrìn ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Òróró ìdáná tiẹ̀ burú jù, torí bó bá pẹ́ díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ra bí àtè. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní òun ti fi òróró ẹ̀pà ṣe é rí, tó sì ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn ni.

Bó o bá sì ra wáyà tuntun, wò ó dáadáa kó o tó da nǹkan sí i. Àwọn kan wà tí wọ́n ti fi ike funfun tẹ́ inú wọn láti ilé iṣẹ́. Irú ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ nílò òróró, bí ó bá tiẹ̀ gbà á, díẹ̀ ló tó. Wáyà àtijọ́ tí irin ń rìn nínú irin ni òùngbẹ òróró ń gbẹ.

Bó o ṣe máa dá wáyà padà ṣe pàtàkì, nítorí mo ti rí wáyà tuntun tó le ju ògbólógbòó lọ. Ibi tó gbà tẹ́lẹ̀ ni kó o tún mú un gbà. Kò gbọdọ̀ ká gọ́ńgọ́ lábẹ́ táǹkì, kò gbọdọ̀ fara kan pọ́ọ̀pù èéfín, kò sì gbọdọ̀ há sáàárín àńdù àti ara máṣìnnì. Tó o bá ti parí, yí àńdù sọ́tùn-ún títí, fa lífà. Yí i sósì títí, tún fà á. Bí ó bá yàtọ̀, wáyà ti gba ibi tí kò yẹ kó gbà. Àwọn tó ti pààrọ̀ àńdù sí èyí tó ga, ibí yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò.

Ó wá ku àyè tó yẹ kí lífà ní. Nígbà tó o bá ń fà á, ó yẹ kí orí lífà rìn díẹ̀ ní òfo kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fa kílọ́ọ̀ṣì. Fún CG125, láàárín mìlímítà 10 sí 20 ni, ní etí lífà lọ́hùn-ún. Bí àyè yìí bá pọ̀ jù, kílọ́ọ̀ṣì ò ní já tán, jíà á máa ké, fíríì á sì di wíwá. Bí kò bá sí rárá, pílétì ò ní fún ara wọn mọ́ra tán, wọ́n á máa yọ̀ nínú ooru, wọ́n á sì jó. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ni kó o ti tún un ṣe tó bá jìnnà sí bó ṣe yẹ, kó o wá fi nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀gbẹ́ lífà ṣe àtúnṣe tó kù. Àwọn kan máa ń fẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì gbá mú lójú ẹsẹ̀ tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án, wọ́n á fa wáyà le gbandi. Àwọn yìí ló máa ń padà wá ra pílétì. Rántí pé bí pílétì ṣe ń jẹ, àyè yìí ló máa ń dín kù, kì í pọ̀ sí i. Nítorí náà, wò ó lóòrèkóòrè, má dúró dìgbà tó bá yọ̀.

Ẹjọ́ kejì ni ti fíríì tó ò rí. Ó ṣeé ṣe kó ti parí pẹ̀lú àyè lífà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yẹn. Ṣùgbọ́n máṣìnnì ẹ jókòó ọdún méjì, ọ́ìlì ti ṣàn kúrò láàárín àwọn pílétì, wọ́n sì lè ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Má tíì tẹ kíìkì mọ́lẹ̀ ná. Kó o tó kíìkì láàárọ̀, fi sí jíà, fa kílọ́ọ̀ṣì, kó o máa tì í síwájú sẹ́yìn pẹ̀lú ara. Nígbà tí wọ́n bá já, wàá mọ̀, torí ńṣe ni táyà á dédé fúyẹ́. Àwọn tó máa ń fi agídí ti jíà wọlé, tí máṣìnnì á fò síwájú, wọ́n á bá ohun tí wọ́n ń wá pàdé ní ògiri.

Lẹ́yìn ìyẹn, dà ọ́ìlì yẹn nù, bó ti wù kó mọ́ tó lójú ẹ. Ọ́ìlì tó jókòó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ti mu omi láti inú afẹ́fẹ́. Ibi tí mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀ rèé, torí ọ́ìlì gan-an ni òróró tí kílọ́ọ̀ṣì inú ń jẹ. Wo ẹ̀yìn ike ọ́ìlì tó o bá fẹ́ rà. Èyí tó bá ní 4T lára, tó sì ní JASO MA nínú àpótí kékeré ẹ̀yìn, tìrẹ nìyẹn. Àwọn ará Japan ló gbé ìlànà yẹn kalẹ̀ ní 1998, ìdí rẹ̀ gan-an sì ni kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé inú ọ́ìlì. Èyí tó bá kọ MB, ti àwọn sikútà tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ò sí nínú ọ́ìlì ni, fi í sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ́ìlì mọ́tò lo rí, wo àmì róbótó API. Bó bá ní "Energy Conserving" tàbí "Resource Conserving" nísàlẹ̀ àmì yẹn, má gbé e. Wọ́n ti fi ohun tó ń mú irin yọ̀ sí i kó lè dín epo kù fún mọ́tò. Irú àmì yẹn kì í sí lára ọ́ìlì tó ki bíi 20W-50, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà fi ń lo 20W-50 mọ́tò láìrí wàhálà kílọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, 4T ni mo fọwọ́ sí. Èyí tí mi ò fọwọ́ sí rárá ni ọ́ìlì tí wọ́n ń wọ̀n látinú dúrọ́ọ̀mù létí títì, tí ẹni tó ń tà á gan-an ò mọ ibi tó ti wá.

Ó ń gba nǹkan bí lítà kan. Má kún un kọjá àmì, torí bó bá kún jù, pílétì á máa fi ara wọn fa ọ́ìlì, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní já dáadáa. Láti wọ̀n ọ́n, jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ díẹ̀, pa á, dúró fún ìṣẹ́jú méjì mẹ́ta, kí máṣìnnì dúró ṣánṣán. Yọ ọ̀pá ìwọ̀n, nù ún, tì í bọ inú ihò láìwé e, kó o fà á jáde wò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń wé e, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kún un jù. Fún máṣìnnì tó ti dàgbà tó ń gun òkè Iléṣà, èmi kì í jẹ́ kó kọjá kìlómítà 1,500 sí 2,000 kí n tó pààrọ̀ ọ́ìlì. Ó sì lè jẹ́ pé o máa ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ní kíákíá lákọ̀ọ́kọ́, kí ìdọ̀tí ọdún méjì lè jáde.

Bó o bá ti ṣe gbogbo èyí tó ṣì le, tí lífà fúyẹ́, tí wáyà fúyẹ́, tí apá irin náà fúyẹ́, á jẹ́ pé sípíríǹgì inú lẹnìkan ti fọwọ́ kàn. Ìwà kan wà tó ń bí mi nínú: nígbà tí pílétì bá ń yọ̀, wọ́n á fi wáṣà sábẹ́ sípíríǹgì kó lè fún un le sí i. Kílọ́ọ̀ṣì á dẹ́kun yíyọ̀ fún ìgbà díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ á máa ro onímáṣìnnì, wáyà á máa já, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní já tán. Mi ò ní kí n búra fún máṣìnnì bàbá ẹ, ṣùgbọ́n èyí tó ti gbé àpò kòkó tó bẹ́ẹ̀, kò yà mí lẹ́nu bí wọ́n bá ti ṣe é sí i.

Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ṣí i. Kí gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ti wà nílẹ̀. Wọ́n á da ọ́ìlì, wọ́n á ṣí ìdérí ọ̀tún, wọ́n á tú bóòtù sípíríǹgì ní ìdojúkọ, kì í ṣe ní ìtòlẹ́sẹẹsẹ, kí irin má bàa tẹ̀. Ní kí wọ́n fi irin ìwọ̀n wọn pílétì onídúdú níwájú ẹ. Tuntun sún mọ́ mìlímítà 3. Èyí tó bá ti wálẹ̀ sí 2.6, ó ti parí. Irin pẹlẹbẹ, kí wọ́n gbé e sórí dígí tó tẹ́jú: bí irin ìwọ̀n tẹ́ẹ́rẹ́ tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 0.2 bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó ti wọ́. Bó bá ti di aláwọ̀ búlúù, ó ti jó. Wo ẹnu ife tó gbé pílétì náà. Àwọn ìka irin rẹ̀ máa ń ní ojú ọgbẹ́ níbi tí etí pílétì ti ń gún un. Èyí tí kò jìn, wọ́n lè fi fáìlì kékeré dán an. Èyí tó jìn, ife tuntun ni. Sípíríǹgì, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń pààrọ̀, kò sí ti ọ̀kan tuntun, mẹ́ta ògbólógbòó. Níwọ̀n bí ibẹ̀ ti ṣí, kí wọ́n fọ asẹ́ irin ọ́ìlì àti ife kékeré tó ń yí, èyí tó ń kó ìdọ̀tí ọ́ìlì jọ sára. Ẹrẹ̀ dúdú tó máa ń wà nínú ìyẹn máa ń dójú ti onímáṣìnnì.

Pílétì tuntun ò gbọdọ̀ wọlé ní gbígbẹ. Rẹ wọ́n sínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá gbẹ wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ tó o bá gbéra ni wọ́n máa jó. Bí o bá sì rí ẹnikẹ́ni tó ń fi pílétì onídúdú ha sí ilẹ̀ símẹ́ǹtì kó lè "gbá mú", gbé máṣìnnì ẹ kúrò níbẹ̀.

Ní ti bó o ṣe ń gùn ún, díẹ̀ ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tó o bá dúró lórí òkè, búréèkì ni kó dì í mú. Má fi kílọ́ọ̀ṣì ààbọ̀ àti iná gbé e ró. Má fi ìka sórí lífà nígbà tó o ò bá fà á. Bí wọ́n bá fi omi alágbára fọ̀ ọ́ níbi ìfọmọ́tò, fi ọ̀rá bo ẹnu wáyà méjèèjì, nítorí omi yẹn á lé òróró tó o fi odindi alẹ́ kan ta síbẹ̀ jáde.

Ẹni tó bá ka èyí, tó jẹ́ pé Suzuki AX100 ló ní: ìta ti tìrẹ ò rí bákan náà. Ohun tó ń ti kílọ́ọ̀ṣì tìrẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, lábẹ́ ìdérí ṣéènì, ẹrẹ̀ àti gírísì ṣéènì sì máa ń kún un bámúbámú. Ṣí ìdérí yẹn, fọ̀ ọ́, gbẹ ẹ, fi gírísì tuntun sí ojú wíwé rẹ̀. Ọ́ìlì tó ń jó pọ̀ mọ́ epo ò dé ara kílọ́ọ̀ṣì ẹ rárá o. Ọ́ìlì ilé jíà ló ń fọ̀ ọ́, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ti ń dà á, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń gun AX100 ò sì dà á rí látìgbà tí wọ́n ti rà á.